Bí Mo Ṣe Wó Ògiri

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ìwé mi lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí láti ọdún mọ́kànlá, ẹ ti mọ̀ mí. Bí ẹnì kan bá wà tó jẹ́ pé òní ló máa kọ́kọ́ kà á, èmi ni mo ń tún àga tìmùtìmù ṣe nígun òpópónà. Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń lẹ bébà kan síbí láti fi sọ bí ẹgbẹ́ họ́kì wa, àwọn tó ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, ṣe gbá ní Sátidé: ẹni tó ṣe dáadáa, ẹni tó ń sùn lórí ìdúró, ẹni tó yẹ kó jókòó sílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Àlàyé. Ti òní gùn o. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn kó lọ gbé àga jáde látinú gbọ̀ngàn. Èmi náà ni mo ṣe àwọn àga yẹn, wọn ò ní já a jù sílẹ̀.

Mo wá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí ó korò.

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo wa mọ̀. A ti já sí ìpele kejì. Kí ìsinmi àárín sáà tó dé, ipò kẹta la wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá, àwọn kan nínú yín sì ti ń bára wọn jiyàn ibi tí wọ́n máa gbé ife ẹ̀yẹ sí nínú gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn ìsinmi, ìdíje mẹ́sàn-án la gbá. Wọ́n nà wá ní méje, a ta ọ̀mì nínú ẹyọ kan, a wá jáwé olúborí nínú èyí tó kẹ́yìn, nígbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àmì kan ṣoṣo ló fi wá sílẹ̀ sáàárín àwọn tó já. Nínú méje tí wọ́n nà wá, ká ní a ta ọ̀mì nínú méjì péré, à bá ṣì wà lókè. Mo ti ro ìyẹn títí, orí fẹ́ẹ̀ dàrú mọ́ mi.

Àwọn tó ń gbá níwájú, mo fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ò lè tán láàárọ̀ ọjọ́ kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa náà, ẹni tó jẹ́ pé bí òjò bá ń rọ̀ ló máa rántí pé ó yẹ ká sáré, Ọlọ́run ló máa bá wa bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni aṣọ́lé wa, ẹni tó ń dí bọ́ọ̀lù lójú ilé, Ògiri.

Ẹ̀yin mọ Ògiri lórí pápá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àbíkẹ́yìn ìyá ìyàwó mi ni. Ìyá wọn kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ìyàwó mi ló gbé e pọ̀n, òun náà ò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà yẹn. Nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó mi, ọmọ náà bá a wọlé mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó gbé àpò kan dání, bàtà rẹ̀ méjèèjì ò jọra. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Èmi ni mo kọ́kọ́ mú un wá sí pápá yìí, mo gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta lápá ibi tí ojú ilé wà, mo sì ń ṣàlàyé fún un títí oorun fi gbé e lọ. Ó jẹ́ àna mi, ó tún jẹ́ bí ọmọ fún mi. Bọ̀dá ló ń pè mí.

Nígbà tó dàgbà, ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń po ìyẹ̀fun, apá rẹ̀ sì nípọn bí itan àwa tó kù. Eré sísá ò bá a lára mu, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà yẹn bá ní kó lọ dúró sójú ilé. Ọdún kejìlá rè é. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò lè fún un láàyè ní Sátidé, Ògiri ní kò burú, òun á máa wá ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè dípò ẹ̀. Ọdún méjìlá kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi ọjọ́ Sọ́ńdè, torí àtilè wá dí bọ́ọ̀lù fún wa. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mọ́kànlélógún sí i tí ẹyọ kan ò wọlé? Ọjọ́ yẹn la sọ ọ́ ní Ògiri. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́ síbí.

Ó wá di ìgbà ìsinmi. Pádì tó máa ń wọ̀ sẹ́sẹ̀, ìyẹn ńlá tó bo ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan, ti gbó, ó ti ya ní ìhà méjèèjì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Bàbá Àlàyé, ìwọ lo mọ fóòmù." Inú mi dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo họ́kì, ẹsẹ̀ mi ò kan orí pápá rí, àfi ìgbà tí mo bá ń lọ bá rẹfirí jà. Èmi náà fẹ́ kí ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀.

Mo tú pádì yẹn. Fóòmù inú rẹ̀ le gan-an, ó ti ń rún wẹ́wẹ́ létí létí. Mo ní, ta ló ń fi irú nǹkan báyìí sára èèyàn? Ojúgun ọmọ yìí á ti bó. Mo yọ ọ́ dànù, mo mú fóòmù tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí mo máa ń fi sí àga àwọn arúgbó tí ìdí ń ro. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é. Òwú oníméjì ni mo fi rán an, abẹ́rẹ́ ńlá tó tẹ̀ yẹn gún mi ní ìka lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo parí ẹ̀, mo dán an wò bí mo ṣe ń dán gbogbo iṣẹ́ mi wò: mo gbé e sórí àpótí, mo jókòó lé e. Ó gbà mí dáadáa. Mo tiẹ̀ pe ìyàwó mi kóun náà wá jókòó.

Ògiri wá gbé e. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń tẹ ìyẹ̀fun tó bá ń wò ó bóyá ó ti wú. Ó ní, "Bọ̀dá, ó mà rọ̀ o."

Mo ní, "Kò lè ṣe kó má rọ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Ó wo ojú mi díẹ̀, ó wo ìka mi tí mo fi aṣọ wé. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ẹ kúuṣẹ́." Ó gbé e lọ.

Ìdíje àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsinmi, gbogbo yín lẹ wà níbẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wá, Ògiri na ẹsẹ̀, ó dí i. Bọ́ọ̀lù bà á lójúgun, ó sì balẹ̀ síwájú rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Kó tó fi ọ̀pá lé e lọ, ẹnì kan nínú wọn ti sáré dé, ó tì í wọlé. Lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Méjì sí ẹyọ kan. Mo délé, inú ń bí mi, mo kọ ọ́ pé: "Aṣọ́lé wa ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún wọn bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àlejò." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á rẹ́rìn-ín. Mo dúró lódìkejì títì, mo ń wò yín bẹ́ ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Kí n má parọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí bọ́ọ̀lù ṣe bà á lẹ́sẹ̀ tó balẹ̀ síwájú rẹ̀, ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn pé, "Jẹun, àlejò." Nígbà tó máa fi di ìdíje kẹta, gbogbo ẹ̀yìn pápá ló ti ń kọ ọ́ bí orin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àwọn tó ń kọ ọ́ kì í tún ṣe ti ẹgbẹ́ kejì o. Tiwa ni.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Mo kọ òmíràn: "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa ti lanu, ó tún ń pe aláǹgbá wọlé." Ẹ tún rẹ́rìn-ín. Ilé mi nìkan ni wọn ò ti rẹ́rìn-ín. Ilé ìwòsàn ni ìyàwó mi ti ń fọ aṣọ, ojú ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí ló máa ń gbà lọ, nítorí náà gbogbo Ọjọ́ Ajé ló ń kà á. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àna yín lẹ ń bú lójú ìta yìí." Mo ní họ́kì ni họ́kì, ẹbí ni ẹbí. Látọjọ́ yẹn ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka àkọlé: oúnjẹ wà níbẹ̀, omi ti gbóná, ilẹ̀kùn ò tì.

Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn ìgbà karùn-ún tí wọ́n nà wá, Ògiri wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀, ó gbé àpò pádì kọ́ èjìká. Mo ń kan aṣọ mọ́ àga, ìṣó kéékèèké kún ẹnu mi.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ máa ń wò wá láti ẹ̀bá pápá. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí? Bọ́ọ̀lù ń bà mí lẹ́sẹ̀, kì í lọ. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń lọ."

Mo yọ ìṣó lẹ́nu. Mo ní, "Ọjọ́ orí ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ ti wúwo, kò lè gbá nǹkan dànù mọ́, bọ́ọ̀lù á kàn kú síbẹ̀ ni."

Ó wo òkìtì fóòmù tó wà nígun ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Ẹ ò rò pé nǹkan míì ni?"

"Nǹkan míì bíi kí ni?"

Ó ní, "Kò sí o, Bọ̀dá. Ẹ ṣé." Ó gbé búrẹ́dì tó mú wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kalẹ̀, ó lọ. Mo tún kó ìṣó padà sẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ tó wá bá mi sọ ní ìkọ̀kọ̀ yẹn, ní Ọjọ́ Ajé, mo kọ ọ́ síbí. Mo ní aṣọ́lé wa fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti wúwo. Mo ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá má ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Ìwọ lo mú ọmọ yìí wọ pápá. Ìwọ náà lo wá ń lé e jáde." Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pè mí ní ìwọ rí.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá gbọ́ tèmi. Nínú ìdíje tó kẹ́yìn, ó ní kí Ògiri jókòó, ó gbé aṣọ́lé kejì síbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni tó ń tún rédíò ṣe yẹn. Pádì tirẹ̀ tó mú wá láti ẹgbẹ́ tó ti ń gbá tẹ́lẹ̀ ló wọ̀. Bọ́ọ̀lù bà á lẹ́sẹ̀, ó sì fò lọ dé àárín pápá. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé, ẹ rí ẹsẹ̀, ẹ rí ẹsẹ̀ tó pé. A fi ayò ẹyọ kan sí òdo borí, àmọ́ àwọn tó wà níwájú wa náà borí, a sì já. Ògiri jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó wọ pádì tí mo rán fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá wọ́n á pè é. Wọn ò pè é.

Ẹ rántí ìwé tí mo lẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé yẹn. "Ká ní a ti pààrọ̀ aṣọ́lé ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, à bá má ti já." Èèyàn méjìlélógójì ló kọ "òótọ́ ni" sídìí ẹ̀. Mo kà wọ́n.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ju pádì méjèèjì sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Ó ní, "Ó ní òun ò gbá mọ́. Ó ní kó o tú fóòmù ẹ̀, pé ó dára, pé ó máa wúlò fún àga." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ní bọ́ọ̀lù họ́kì àtijọ́ kan tí mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Ẹ mọ bó ṣe le tó, òkúta ni. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pádì níbẹ̀. N ò mọ ohun tó ṣe mí, mo mú un, mo sọ ọ́ lu pádì tó fara ti ògiri. Ó dún bọ̀ọ̀, ó sì balẹ̀. Kò kúrò níbi tó bọ́ sí. Mo tún sọ ọ́, pẹ̀lú agbára mi. Ó balẹ̀ síbì kan náà.

N kì í da nǹkan nù. Fóòmù líle tí mo yọ kúrò nígbà ìsinmi ṣì wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé e fara ti ògiri, mo sọ bọ́ọ̀lù lù ú. Ó ta padà, ó gba etí mi kọjá, ó lọ lu agolo gúlù dànù lódìkejì ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Pádì aṣọ́lé kì í ṣe àga. Wọn ò ṣe é kí bọ́ọ̀lù lè sinmi lórí ẹ̀. Wọ́n ṣe é líle kí bọ́ọ̀lù lè ta kúrò lójú ilé, kó lọ jìnnà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ojú ara mi wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń ta lára pádì, n ò bi ara mi rí pé kí ló ń gbé e ta. Mo rò pé ẹsẹ̀ ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gúlù tó dànù. Ojú tì mí débi pé mo fi àga tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí oníbàárà má wọlé bá mi. Gbogbo bọ́ọ̀lù yẹn ni ọmọ yìí dí. Gbogbo wọn ló dí. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún àlejò.

Mo gbé pádì lọ sí ilé búrẹ́dì. Ó wà níwájú ààrò, ó ń ti àwo wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti kọ nípa rẹ̀. Mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ìlà mẹ́ta lọ.

Ó nu ọwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ pádì. Ó ní, "Mo rò ó bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo wá sọ. Ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́ ni n ò rí, torí ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi rán an, ẹ fi ìka gbọgbẹ́. Ẹ wá ní ọjọ́ orí ni. Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ sọ nǹkan fún mi láti kékeré tí n ò gbà? Mo délé, mo wo ẹsẹ̀ mi. Mo rí i pé ó ti wúwo lóòótọ́."

Mo ní màá ṣe òmíràn fún un, màá lo fóòmù líle, kó padà wá ní sáà tó ń bọ̀. Ó mi orí. Ó ti dá Sátidé padà fún ọ̀gá rẹ̀, ó ti gba Sọ́ńdè. Mo ní, bóyá màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Pádì kọ́ ló ń lé mi. Orin yẹn ni. Ọmọ mi máa ń kọ ọ́ nílé."

Mo bi í pé kí ni kí n wá ṣe. Ó ní, "Bẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ kọ ọ́ síbi tẹ́ ẹ kọ ìyókù sí." Ó padà sídìí ààrò.

Mo ti kọ ọ́. Ẹyin lohùn, mo mọ̀, èyí tó ti fọ́ ti fọ́, bébà kan ò lè kó o jọ. Ẹ̀yin méjìlélógójì, irọ́ lẹ fọwọ́ sí. Ẹ̀bi tèmi ni. Ẹgbẹ́ wa ì bá wà lókè, aṣọ́lé wa ì bá sì wà lójú ilé, ká ní mo kàn rán ibi tó ya, tí n ò fọwọ́ kan inú rẹ̀.

Lánàá, Sọ́ńdè, Ògiri àti ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tó máa wá sílé wa láti ọdún méjìlá nìyẹn. Ó bá ìyàwó mi jókòó ní yàrá ìdáná. Ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń ju bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́ ara ògiri nínú pálọ̀, bó ṣe ń hán an ló ń kọrin: jẹun, àlejò, jẹun, àlejò. Ọmọ náà wá jókòó tì mí. Ó ní, "Bàbá àgbà, ta ni àlejò yẹn? Ta ló ń gbé oúnjẹ fún un?"

Èmi tẹ́ ẹ ń pè ní Bàbá Àlàyé, n ò rí àlàyé kankan ṣe fún un.